Àlhájì Hárúnà Ìṣọ̀lá: Kí Ni Kí Mùsùlùmí Ṣe Sí Àwo Orin Tí Baba Rẹ̀ Fẹ́ràn?

  

Àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn elétò rédíò fẹ́ràn láti máa ka ọjọ́ fún wa. Wọn a máa rán wa létí pé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ inú ilé ní Èkó, nínú àpótí tí àwọn baba wa sọ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọn a ní ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, èyí tí àwa ọmọ Yorùbá ṣì fi ń yangàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ka ọdún tí a bí àwọn olórin àti ọdún tí wọ́n papò dà. Ẹ̀sìn wa kò pa á láṣẹ pé kí a máa fi ọjọ́ ikú ṣe ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn wẹ̀yìn wò, kí ó sì fi ìgbésí ayé ẹni tí ó ti kọjá lọ kọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Àlhájì Hárúnà Ìṣọ̀lá lónìí, ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti fi ayé sílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò sì tíì kúrò nínú ilé wa.

Kì í ṣe pé mo kàn dédé rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ṣẹlẹ̀ nínú àsàlátù wa ọjọ́ Àìkú ní Gbàgádà níhìn-ín. Lẹ́yìn tí a ti ka ìkíkẹ́ tán, tí mo sì ti ṣe wáásí mi, mo fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ó ti pẹ́. Bàbá yìí ní àwọn ní àwo orin àpàlà tí ó tó ọgọ́ta nílé, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Hárúnà Ìṣọ̀lá. Wọ́n ní ọmọkùnrin àwọn kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Lárúbáwá dé ti sọ fún àwọn pé kí àwọn dáná sun gbogbo rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò máa bá àwọn nínú sàréè. Ọmọ náà tún ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí máa tọrọ àforíjìn fún olórin tí ó ti kú. Bàbá wá bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe.

Ẹnu àwọn èèyàn kò kò. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń mi orí pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Àwọn ìyá wa tí ó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwọn náà mọ orin Hárúnà. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Mo bẹ bàbá náà kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo sọ nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé ni mo fẹ́ kọ síbí yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé bàbá yìí nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹni tí yóò bá dájọ́ fún ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni náà. Ta ni Hárúnà Ìṣọ̀lá?

Ọdún 1919 ni a bí i. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìlú rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Bello. Mùsùlùmí ni, Mùsùlùmí ni ó sì jẹ́ títí ó fi kú. Orin àpàlà tí ó mú un di olókìkí kò ti ibi jíjìn wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà pé àárín àwa Mùsùlùmí Yorùbá ni ó ti hù jáde, láti ara ìlù àti orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ bá tán, àwọn kan nínú wọn a máa bá eré náà lọ níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Bí a ṣe ń gbé orin kúrò ní ẹnu ọ̀nà Mùsùlùmí tí ó ń jẹ sààrì lọ sí agbo ayẹyẹ nìyẹn. Bí a bá rí àáfà tí ó ń pè é ní orin àwọn kèfèrí, kò mọ ibi tí ó ti wá ni.

Ní ọdún 1948, Hárúnà ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, àwọn òyìnbó tí ó ń ya àwòrán ajá sí ojú àwo wọn. Orin náà dá lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni olórin nígbà náà. Àwo náà kò tà. Àwọn tí ó ń ṣòwò mọ ohun tí èyí jẹ́: kí ènìyàn kó ọjà jáde kí ọjà sì kùtà. Ẹlòmíràn ìbá padà sí oko tàbí kí ó wá iṣẹ́ mìíràn. Hárúnà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, ó ń kọrin níbi ìnáwó, títí tí àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn olóyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ọdún méje ni ó fi ṣe èyí. Ní ọdún 1955, nígbà tí Ọba Adébóyè ti wàjà, ó tún orin náà kọ sí inú àwo. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn rà á, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Orin kan náà tí kò tà ní ọdún 1948 ni ó gbé e ga ní ọdún 1955. Àwọn ọmọ ilé-kéú mi tí ó ń kánjú pé àwọn ti ka ìwé ọdún méjì, kò sì tíì sí ẹni tí ó pe àwọn wá ṣe wáásí, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Àsìkò tí ó yọ jáde náà ràn án lọ́wọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe rédíò bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Wáyà ni ó ti ilé-iṣẹ́ wá sí inú ilé ẹni tí ó bá ń san owó oṣù. Ẹni tí ó ni ín kò lè yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá gbé sí i ni yóò gbọ́, ọ̀rọ̀ láti ìlú London sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1951 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ rédíò ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀, ní ọdún 1957 ó di àjọ tí a ń pè ní N.B.C., àwọn ará Ìbàdàn náà sì ní tiwọn lẹ́yìn náà. Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn ilé, tí rédíò oníbátìrì sì dé tí àgbẹ̀ ń gbé e lọ sí oko, àwọn olórin tí ó ti ṣe àwo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tí kò rí Hárúnà rí ní ojúkojú mọ ohùn rẹ̀.

Àwo náà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Àwo àtijọ́ tí ó ń yí kíákíá, ojú kan rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti fi òru kan kọrin ní láti ká gbogbo rẹ̀ kó sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan rẹ̀ lè gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni àpàlà tó rí àyè mí. Ìgbà náà ni a lè gbọ́ bí ó ṣe ń fi sùúrù bẹ̀rẹ̀, tí yóò sọ̀rọ̀ dé ìdí, tí onígángan yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí yóò sì tún padà wá bá ohun tí ó ń sọ.

Ìjókòó ni ó máa ń jókòó kọrin. Àwọn elégbè rẹ̀ yí i ká, àwọn onígángan wà níbẹ̀, àti alágídìgbo, àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí ó ń lu akúbà àti agogo. Kò sí gìtá, kò sí fèrè òyìnbó. Ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ohun èlò òyìnbó wọlé kí wọ́n lè dàbí ará ìlú òkèèrè, Hárúnà dúró lórí èyí tí ó bá nílẹ̀. Èdè Yorùbá tí ó jinlẹ̀, òwe, àti ẹ̀kọ́ inú Àlùkùránì ni ó fi ń ṣe orin. Àwọn tí ó ń pè é ní Bàbá Ńgani Àgbà kò pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ọjọ́ orí nìkan.

Kò dá nìkan wà nínú iṣẹ́ náà. Ligali Mukaiba wà ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ó yá, Àyìnlá Ọmọ́wúrà yọ ní Abẹ́òkúta, ó kéré sí Hárúnà lọ́jọ́ orí dáadáa, ó sì mú àpàlà tirẹ̀ yára ju ti àgbà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé e. Gbogbo wa ni a mọ bí ti Àyìnlá ti parí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ọtí ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ sì bọ́ sí. N kò mẹ́nu kàn án láti fi ẹni tí ó ti kú ṣe yẹ̀yẹ́. Kí Ọlọ́run foríji òun náà. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé Hárúnà gbé nínú ayé kan náà, láàárín ọtí kan náà àti owó kan náà, ó sì fi sùúrù rìn ín títí dé òpin.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe orin rárá, òwò ni. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó ni ẹ̀rọ, àwọn ni ó ni àwo, àwọn ni ó sì ń dá iye tí olórin yóò gbà. Olórin lè gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí ó má mọ iye àwo rẹ̀ tí ó tà. Ní ọdún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní STAR. Àwọn tí ó mọ ìtàn orin sọ pé òun ni ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ẹ wò ó o: Hárúnà, Mùsùlùmí onípàlà, Dáíró, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí ó ń kọ jùjú, ẹni tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní ọdún 1963. Wọn kò bá ara wọn jiyàn ẹ̀sìn, wọn kò sì fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Wọ́n pa owó pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ iṣẹ́ òógùn wọn. Bí àwa Mùsùlùmí bá lè fi irú inú kan bẹ́ẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ wa Mùsùlùmí ṣòwò, ilé-ẹ̀kọ́ wa kì bá tí máa jò.

Ní ọdún 1971 ni àwo rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù jáde láti ilé-iṣẹ́ Decca, èyí tí ó fi yin ẹgbẹ́ Òrókì Social Club ní Òṣogbo. Kò sí ibi ìnáwó tí a kò ti lù ú ní ọdún náà. Ó tún rìn kọjá ilẹ̀ wa: ó kọrin ní ilẹ̀ Benin, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sweden, pẹ̀lú agbádá rẹ̀ àti ìlù rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1979 ó tún ṣe ohun tí ó ju ti ọdún 1969 lọ. Ó dá ilé-iṣẹ́ Phonodisk sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìgbàlódé nígbà náà, èyí tí ó lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe Èkó ni ó gbé e sí, Ìjẹ̀bú-Igbó ìlú rẹ̀ ni. Àwọn tí ó ti ń lọ sí Èkó láti ṣe àwo wá ń lọ bá a ní ìlú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà sì ríṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1981, Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè M.O.N. dá a lọ́lá. Ní ọdún 1983, ó jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ní ẹni ọdún 64. Ọmọ rẹ̀ Músílíù gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ń bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo Ṣóyòyò jáde, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí baba rẹ̀ kú sì ń jó àpàlà lójú títì.

Ìtàn rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè bàbá Gbàgádà.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa kò fẹnu kò lórí orin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú tí a ń tẹ̀lé ni kò fọwọ́ sí ohun èlò orin, wọ́n sì ní ẹ̀rí tí wọ́n gbé e lé. Imam Al-Ghazali, ẹni tí ó kú ní ọdún 1111, ní tirẹ̀ fi ọ̀rọ̀ inú orin àti ohun tí ó mú ènìyàn ṣe wọn orin. Gbogbo wọn mọ̀ pé Ànábì kò kọ ìlù lọ́jọ́ ìgbéyàwó àti lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tí ó bá yàn láti jìnnà sí orin pátápátá, kò ṣe àṣìṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà má sọ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà onímọ̀ ti ń jiyàn lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́ ti di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lè fi ìṣáná parí.

Ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ àwọn olórin wa kò ṣòro láti rí. Orin tí ó ń yin ọlọ́rọ̀ kọjá bí ó ti yẹ kí a yin ẹ̀dá, ó burú. Ayẹyẹ tí a fi òru kan ṣe títí ìrun àsùbáà fi kọjá lọ, ó burú. Owó tí aláìní lọ yá kí ó lè rí nǹkan lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sùn láìjẹun ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó burú jọjọ. Hárúnà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàárín gbogbo èyí, ó sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwa àáfà náà sọ òtítọ́ fún ara wa. Ta ni ó ń ṣí ayẹyẹ náà pẹ̀lú àdúà? Àwa ni. Ta ni ó ń ki olówó kí olórin tó dé ibẹ̀? Àwa náà ni. Àwọn kan nínú wa tí ó ń bú rédíò nígbà kan ni ó ń sanwó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí rẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáànì báyìí, tí wọn a sì gbé ohùn bí onípàlà kí wáásí wọn lè dùn létí. N kò yọ ara mi sílẹ̀.

Èyí ni ó mú mi dé ìdí tí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn fi gún mi lọ́kàn.

Ní ọdún 1993, mo parí ẹ̀kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ẹni ọdún méjìlélógún ni mí, mo sì gbà pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Baba mi ní giramafóònù kan àti àwo bíi ogójì, èyí tí wọ́n máa ń nù pẹ̀lú aṣọ funfun ní alaalẹ́ Sátidé. Wọn kì í mu ọtí, wọn kì í fi ìrun jẹ́ra. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí wọ́n jókòó lẹ́yìn ìrun ìṣáì kí wọ́n gbọ́ àwo méjì kí wọ́n tó sùn. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n lọ sí ọjà Mile 12, mo kó gbogbo àwo náà sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ń ṣe.

Nígbà tí baba mi dé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá àfọ́kù náà jọ fúnra wọn, wọn kò jẹ́ kí n gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò bá mi jà, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ náà kàn mí rí títí wọ́n fi kú ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jókòó sí pálọ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáì mọ́. Yàrá ni wọ́n ń wọ̀ tààrà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rí i, n kò sì mọ ohun tí mo ń rí.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni ìyá mi tó sọ fún mi pé àwo Òrókì tí mo fọ́ ni àkọ́rà baba mi. Ọ̀sẹ̀ tí a sọ mí lórúkọ ní ọdún 1971 ni wọ́n rà á, nítorí pé wọn kò lówó láti pe olórin wá sí ibi ìsọmọlórúkọ ọmọkùnrin wọn àkọ́kọ́. Owó tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n ra àgbò ni wọ́n fi ra àwo náà, òun ni wọ́n sì fi ṣe àlejò àwọn ènìyàn. Mo mọ ẹ̀sìn tó láti kọ Lárúbáwá sára pátákó, n kò sì mọ̀ ọ́n tó láti bi baba mi léèrè kí n tó fọwọ́ kan ẹrù wọn.

Mo sọ ìtàn yìí fún àsàlátù wa ní Gbàgádà ní ọjọ́ Àìkú kejì. N kò sọ ọ́ rí fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà ni mo dá bàbá náà lóhùn, ìdáhùn mi sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkínní, ẹrù bàbá, ti bàbá ni. Ẹ̀sìn wa kò fún ọmọ láṣẹ láti ba dúkìá òbí rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ó kàwé jù ú lọ. Bí ọmọ bá rí ohun tí kò tọ́, kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àdúà. Ọlọ́run Ọba tí ó pàṣẹ pé kí a má sin ẹlòmíràn ni ó so ṣíṣe dáadáa sí òbí mọ́ ọn.

Èkejì, kí bàbá náà ṣe ìdájọ́ fún ara wọn. Bí àwo kan bá wà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mú ẹ̀ṣẹ̀ dùn létí wọn, kí wọ́n mú un kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbọ́ rẹ̀ ń dí ìrun lọ́wọ́, kí wọ́n pa á. Kí wọ́n sì dá a dúró nínú oṣù ààwẹ̀, kí wọ́n fi àkókò náà fún Àlùkùránì. Ohun tí ó bá kù lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi sí ààrin àwọn àti Ọlọ́run wọn.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ó wà nínú àwo wọ̀nyẹn ju ìlù lọ. Orúkọ àwọn baba wa wà níbẹ̀, orúkọ ọba àti ti oníṣòwò àti ti ẹgbẹ́ tí a kò kọ sí ìwé kankan. Yorùbá tí àwọn ọmọ wa ní Gbàgádà kò lè sọ mọ́ wà níbẹ̀. Bí a bá sun ún, kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ̀kẹrin ni ti àdúà. Ẹni tí ó bá kú gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa sì ni pé kí a tọrọ àforíjìn fún un. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé kí a yọ onípàlà kúrò. Bí àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ní àbùkù nìkan ni a ó máa ṣàdúà fún, ta ni yóò ṣe é fún àáfà?

Ọmọ bàbá náà wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó jókòó sí ẹ̀yìn òpó. Kò bá mi jiyàn, n kò sì lè sọ pé ó gbà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú ká, ó gbé àga bàbá rẹ̀, ó sì dì wọ́n lápá sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, bàbá sọ fún mi pé ọmọ náà ti bá àwọn to àwo náà sínú àpótí onígi kí òjò má baà bà á jẹ́, ó sì ń kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kò jókòó gbọ́ ọ, bàbá náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú iná ẹ̀sìn nínú, inú wa dùn sí yín. Ẹ má jẹ́ kí iná náà kọ́kọ́ jó ilé baba yín. Bí baba yín bá wà láàyè, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ìtàn ohun tí wọ́n fẹ́ràn àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ tó máa kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Ẹni tí ó ti ṣe ohun tí mo ṣe, tí baba rẹ̀ sì wà láàyè, kí ó lọ tọrọ àforíjìn lónìí. Èmi kò rí àyè ṣe é.

Kí Ọlọ́run Ọba foríji Àlhájì Hárúnà Ìṣọ̀lá, kí ó gba iṣẹ́ rere rẹ̀, kí ó mójú kúrò níbi àṣìṣe rẹ̀. Kí ó foríji baba mi, àti gbogbo àwọn baba àti ìyá wa tí ó ti ṣáájú. Kí ó sì foríji àwa tí ó kù lẹ́yìn, tí a mọ̀wé tí a kò sì mọ̀wà. Àmín.